Ọjọ́ méje gbáko kí WhatsApp mi tó padà sọ́wọ́ mi

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí, inú ṣì ń bí mi. ₦65,000 ni oníbàárà mi, Ìyá Ìbejì, san fún olè tó ń fi orúkọ mi tajà, lórí WhatsApp tèmi!

Ọjọ́ Ẹtì ni, mò ń wọn léèsì fún ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Balógun, ni fóònù dún. Ẹni tó wà lórí fóònù pè mí lórúkọ, ó mọ ẹgbẹ́ aláṣọ tí mo wà, ó ní àwọn fẹ́ fi mí sí gúrúùpù tuntun, kí n ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí fóònù mi fún òun. Mo gbé fóònù lé orí léèsì, mo fi sí sípíkà, mo kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Àṣé kóòdù tí wọ́n fi ń wọ WhatsApp mi ni. Kó tó di pé mo ká aṣọ tán, WhatsApp ti lé mi síta.

Bí wọ́n ṣe ń wọlé padà, gbogbo yín mọ̀ ọ́n, ẹ fi nọ́ńbà yín sí i, kóòdù á wá. Àmọ́ olè yẹn ti fi PIN tiẹ̀ sí i, nọ́ńbà àṣírí kejì tí WhatsApp máa ń bèèrè lẹ́yìn kóòdù, two-step verification tí èmi ò fi síbẹ̀ rí! WhatsApp ní tí mi ò bá mọ PIN yẹn, kí n dúró fún ọjọ́ méje. Ọjọ́ méje, tí àwọn aláṣọ ẹbí ń bèèrè fọ́tò, tí mẹ́sẹ́ẹ̀jì wọn ń mú tíìkì kan ṣoṣo, tí àwọn míì ti lọ ra tiwọn ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì.

Ohun tó dùn mí jù nìyí: bí mo bá ṣe tẹ kóòdù tuntun tí WhatsApp fi ránṣẹ́ sí mi báyìí, olè ti jáde nìyẹn, bí mi ò tiẹ̀ mọ PIN. Mi ò mọ̀. Mo sáré lọ sí Computer Village, ọjà fóònù ní Ìkẹjà, ọmọ kan gba ₦8,000 lọ́wọ́ mi, kò rí nǹkan kan ṣe, ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo tó tẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Àárọ̀ Sátidé yẹn náà ni Ìyá Ìbejì sanwó. Ẹ má lọ síbì kankan o, ẹ tẹ kóòdù yẹn lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ wá pe àwọn oníbàárà yín lórí fóònù.

Èmi náà ti máa ń sọ pé kí ni wọ́n fẹ́ jí lára mi, ṣé olówó ni mí ni. Àṣé ìgbẹ́kẹ̀lé táwọn èèyàn ní nínú mi ni wọ́n ń wá. Ojú ìwé Facebook mi ni olè yẹn ti rí orúkọ mi, nọ́ńbà mi, fọ́tò àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa, gbogbo ẹ̀ pátá, ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e síbẹ̀. Ẹnì kan ní ìjọba ti ṣòfin ààbò dátà ní 2023, òótọ́ ni, àmọ́ ẹnu ara mi ni mo fi ka kóòdù.

Mo ti bá èèyàn mọ́kànlá ní láìnì wa fi PIN àti ímeèlì sí WhatsApp tiwọn, èmi tí mi ò mọ ibi tí settings wà tẹ́lẹ̀! Mo ti dá ₦30,000 padà fún Ìyá Ìbejì. Wọ́n ní kí n fi ìyókù sílẹ̀, mo ní rárá, màá san án tán.