Obìnrin tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ fọ́kánáísà n'Ìkòròdú

Wọ́n á sọ fún yín pé agbára obìnrin ò ká iṣẹ́ táyà. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n bá tú létòlétò, obìnrin á tú u.

Kẹ́ ẹ tó fara sábẹ́ ọ̀gá, ì báà jẹ́ ní Sábó, ní Àgíríkì tàbí l'Ódògúnyàn, ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dáadáa. Ṣé ó ń jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ kan táyà, àbí omi ló ń rán wọn pọn? Ṣé ibi tí obìnrin lè tọ̀ sí wà nítòsí? Ẹ kọ iye owó, ọdún tẹ́ ẹ máa lò àti owó fíríìdọ̀mù sínú ìwé àdéhùn, kí ẹbí yín kan sì bá yín tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ṣòkòtò, bàtà tó bo ọmọ ìka, fìlà tó kó gbogbo irun. Ẹ bọ́ òrùka àti yẹtí. Bẹ́líìtì kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tó ń yí lè gbá ìborùn mú, kó sì fa orí mọ́ ọn.

Kẹ́ ẹ tó fi jáàkì gbé ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ ti dẹ nọ́ọ̀tì. Ẹ fa hándíbíréèkì, ẹ fi òkúta dí táyà tó wà ní igun òdìkejì ọkọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ tú, kẹ́ ẹ wá dẹ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan díẹ̀. Bí táyà bá ti kúrò nílẹ̀, yíyí ni yóò máa bá sípánà yí, ọkọ̀ sì lè já bọ́. Èyí tó bá le, ẹ fi páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, kẹ́ ẹ fi ìwúwo ara tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀.

Bí táyà bá ń jò, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ da omi ọṣẹ sí i: ibi tó bá ń hó ni. Ẹ má gbàgbé fáàfù. Ibẹ̀ ló máa ń jò nígbà míì, tí wọ́n á máa wá ìṣó kiri. Bẹ́ ẹ bá ti rí ihò, ẹ bọ́ táyà kúrò lára wíìlì, ẹ fi sáńpépà ha inú rẹ̀ níbi ihò náà títí tí yóò fi rí hágahàga, ẹ nu eruku rẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù ra á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kó gbẹ débi tí kò ní lẹ̀ mọ́ ìka kẹ́ ẹ tó lẹ páàṣì mọ́ ọn. Ibí gan-an ni ọmọ iṣẹ́ ti ń kánjú: gọ́ọ̀mù tútù á ṣí nígbà tí táyà bá gbóná lójú ọ̀nà Ṣágámù. Ẹ tẹ páàṣì láti àárín lọ sí etí. Bí ihò bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ẹ má lẹ̀ ẹ́ rárá; ibẹ̀ ń tẹ̀, ó ń nà bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Ẹ ní kí oníbàárà ra òmíràn.

Iye atẹ́gùn wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. 30 sí 35 PSI (òṣùwọ̀n atẹ́gùn tí géèjì ń kà) ló wọ́pọ̀ fún ọkọ̀ kékeré. Èyí tí wọ́n kọ sára táyà, èyí tó pọ̀ jù tó lè gbà nìyẹn. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àmì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára táyà ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2321 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2021.

Bẹ́ ẹ bá ń dá táyà padà sára ọkọ̀, ẹ fọwọ́ wé nọ́ọ̀tì ná, kẹ́ ẹ wá máa fún un ní kọjú-sí-kọjú, kì í ṣe yíká-yíká, kí wíìlì má baà wọ́. Ẹ fún un gírígírí lẹ́yìn tí táyà bá ti kanlẹ̀.

Wíìlì tírélà tó ní òrùka irin, tó pọ̀ l'Ódògúnyàn, ẹ má fẹ́ ẹ láìsí inú àgò irin. Òrùka yẹn lè fò yọ, ó sì ń pani.