Bí mo ṣe ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Uzbek

Iṣẹ́ tí mo ṣe yìí ni àkójọ ọ̀rọ̀ tí ògbufọ̀ lè gbé ka iwájú nígbà tó bá ń túmọ̀ ìwé-ẹ̀rí, ìwé máàkì àti ìlànà ẹ̀kọ́ láàárín èdè Uzbek àti Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ tó ṣàjèjì kò ni mí lára níbẹ̀. Àwọn tó jọ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ló ń tanni jẹ, nítorí pé ìgbà Soviet ni ètò ilé-ẹ̀kọ́ Uzbekistan, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè náà, fìdí múlẹ̀: ọ̀rọ̀ bíi kurs àti fakultet gba ọwọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà kọjá kí wọ́n tó dé Tashkent, olú-ìlú ibẹ̀, ìtumọ̀ ti Rọ́ṣíà ni wọ́n sì gbé dání.

Inú òfin ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ṣí ìwé atúmọ̀-èdè rárá ní ìpele yẹn. Òfin ẹ̀kọ́ Uzbekistan tí wọ́n fọwọ́ sí ní 23 September 2020 wà lórí lex.uz, níbi tí ìjọba ń kó òfin sí, ní èdè Uzbek àti ti Rọ́ṣíà. Mo ṣí méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo yọ orúkọ àwọn ìpele ẹ̀kọ́ jáde: maktabgacha taʼlim fún àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé-ìwé í lọ, umumiy oʻrta taʼlim fún kíláàsì 1 dé 11, oliy taʼlim fún yunifásítì.

Mo wá ṣí Excel, mo pín in sí òpó mẹ́fà: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ Uzbek ní lẹ́tà Látìnì, òun kan náà ní Cyrillic, ìyẹn irú lẹ́tà tí Rọ́ṣíà ń lò, iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe, ibi tí mo ti rí i, àti bóyá ó ti dájú. Ẹ má fo Cyrillic. Òfin ti mú Látìnì wọlé ní 1993, wọ́n sì tún un ṣe ní 1995, àmọ́ ìwé-ẹ̀rí àtijọ́ àti ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí ṣì wà ní Cyrillic. Òpó kẹrin ló gba àkókò jù: ta ló ń gba nǹkan yìí, lẹ́yìn ọdún mélòó, kí ló sì lè fi ṣe? Ìgbà tí ìdáhùn ìhà méjèèjì bá bára mu nìkan ni mo tó so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀.

Kí ẹ tó kó ọ̀rọ̀ kankan sínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tún àmì ṣe. Lẹ́tà tó dá dúró ni oʻ àti gʻ, àmì ara wọn sì ni U+02BB, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá àmì náà mọ̀. Àmì tó wà láàárín taʼlim yàtọ̀, U+02BC ni. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì kan náà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Enter làwọn èèyàn ń tẹ̀ fún méjèèjì. Nítorí náà, tí ẹ bá wá oʻqituvchi, ìyẹn olùkọ́, tí ẹ sì kọ ọ́ bó ṣe yẹ, kọ̀ǹpútà á ní òun ò rí i, bẹ́ẹ̀ inú ìwé náà kún fún un. Mo ní kó sọ àmì yòówù tó bá tẹ̀lé o tàbí g di U+02BB, kó sì sọ ìyókù tó wà láàárín ọ̀rọ̀ di U+02BC. Ìparí ọ̀rọ̀ ni wàhálà wà. Bí òǹkọ̀wé bá fi àmì ẹyọ kan kó 'baho', ìyẹn máàkì, tàbí 'pedagog' sáàárín, ìlànà yẹn á sọ wọ́n di bahoʻ àti pedagogʻ, ọ̀rọ̀ tí kò sí níbì kankan. Ẹ ò sì lè ní kó fo gbogbo ìparí ọ̀rọ̀, torí gʻ ló parí bogʻ àti togʻ lóòótọ́. Àwọn tó wà ní ìparí, ojú ni mo fi yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ní àmì sára ẹ àti ọ nínú fáìlì ẹlòmíràn rí mọ irú ìyà yìí.

Ó wá kan àwọn ẹlẹ́tàn. Kurs ló burú jù. 2-kurs talabasi ni akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ohun tí wọ́n ń pè ní 200 level ní Nàìjíríà. Tí ẹ bá kọ "second course", ẹni tó ń gba ọmọ wọlé á rò pé ó ti ka iṣẹ́ kan tán ni. "Course" tí Gẹ̀ẹ́sì ń wí, fan ni, ṣùgbọ́n fan náà ni sáyẹ́ǹsì, nítorí náà àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló ń sọ èyí tí wọ́n ní lọ́kàn. Ibi tí kurs àti "course" ti pàdé ni malaka oshirish kursi, ẹ̀kọ́ ráńpẹ́ tí àwọn olùkọ́ máa ń lọ ṣe láti mú iṣẹ́ wọn dára sí i.

Oliy maktab, tí ẹ bá tú u ní ẹyọ-ẹyọ, "high school" ló máa jẹ́, bẹ́ẹ̀ yunifásítì ni wọ́n ń wí. Oʻrta maxsus taʼlim kò kan àwọn ọmọ tó ní àìlera, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "special" ni maxsus. Ẹ̀kọ́ girama tó ní iṣẹ́ tàbí ẹ̀ka pàtó nínú ni. Kollej wà nísàlẹ̀ yunifásítì, ibi ìkọ́ṣẹ́ ni, kò bá "college" ti Amẹ́ríkà dọ́gba. Attestat ni ìwé-ẹ̀rí ẹni tó parí kíláàsì 11, diplom sì ni ti ẹni tó ti kollej tàbí yunifásítì jáde. "Student" gbọ́dọ̀ pín sí méjì, oʻquvchi fún ọmọ ilé-ìwé, talaba fún ti yunifásítì. "Faculty" náà pín: tó bá jẹ́ ẹ̀ka ilé-ẹ̀kọ́, fakultet ni, tó bá jẹ́ àwọn olùkọ́ fúnra wọn, professor-oʻqituvchilar ni.

Falsafa doktori ni PhD, oyè tó wọlé pẹ̀lú ètò onípele méjì ní 2017; fan doktori, tí wọ́n ń kọ ní DSc, ló wà lókè rẹ̀. Ẹ má sọ ẹni tó ṣe ìwádìí nípa ìkọ́ni di onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò nítorí falsafa. Fan nomzodi, oyè ìgbà Soviet tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "Candidate of Sciences", tó wà nínú àwọn ìwé àtijọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀. Ògbufọ̀ kọ́ ló máa sọ pé ó tó PhD.

Bákan náà ni máàkì. 5 ló ga jù, aʼlo. 4 jẹ́ yaxshi, 3 qoniqarli, 2 qoniqarsiz. Nínú àwọn ìwé tó ṣáájú, ẹ máa bá òṣùwọ̀n 100 pàdé, níbi tí aʼlo ti bẹ̀rẹ̀ láti 86, yaxshi láti 71, qoniqarli láti 55. Mo kọ nọ́ńbà bó ṣe wà, mo kọ òṣùwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mi ò yí i sí GPA.

Ìhun èdè náà fẹ́ sùúrù. Ìparí ọ̀rọ̀ ni Uzbek ń lẹ nǹkan mọ́, níbi tí àwa ti ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú. Láti ara baho ni wọ́n ti rí baholash fún ìdíwọ̀n, baholovchi fún ẹni tó ń díwọ̀n, baholanuvchi fún ẹni tí wọ́n ń díwọ̀n. Ẹ̀rọ ìtumọ̀ tó bá ń wá ọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà kò ní rí dastur, ìyẹn ètò, nínú oʻquv dasturida, nítorí náà mo gé ọ̀rọ̀ sí gbòǹgbò, mo fi ìràwọ̀ tó dúró fún ìparí yòówù sí i: dastur*. Ṣùgbọ́n darslik, ìwé-ìkẹ́kọ̀ọ́, ń di darsligi tó bá ti gba -i, torí k ti yí sí g. Darslik* kò ní bá a. Darsli* ni kí ẹ kọ, bẹ́ẹ̀ náà ni fún gbogbo ọ̀rọ̀ tó parí sí -lik.

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun tí kò tíì jókòó ni mo fi kẹ́yìn. "Formative assessment", ìdíwọ̀n tí olùkọ́ ń ṣe bí ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ lọ́wọ́, ní orúkọ méjì, formativ baholash àti shakllantiruvchi baholash. Èkejì ni mo fi ṣáájú fún ìwé olùkọ́, torí shakl, ìyẹn ìrísí, hàn gbangba nínú rẹ̀, olùkọ́ ìgbèríko kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé. Mo fi formativ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ìwé yunifásítì. Inklyuziv taʼlim, ẹ̀kọ́ tó kó gbogbo ọmọ pọ̀ títí kan àwọn tó ní àìlera, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí òun ló wà nínú òfin.

Mo bo òpó Gẹ̀ẹ́sì mọ́lẹ̀, mo ní kí olùkọ́ tó gbọ́ èdè méjèèjì tú òpó Uzbek padà. Èyí tí kò bá padà síbi tó ti wá, mo kọ "kò dájú" sí òpó kẹfà rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi fáìlì náà ránṣẹ́, CSV UTF-8 ni kí ẹ yàn ní Excel. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, CSV lásán máa ń sọ ʻ àti gbogbo Cyrillic di àmì ìbéèrè, fáìlì náà kì í sì í ṣeé tún ṣe mọ́.