Àwọn Àṣìṣe Tí Àlejò Máa Ń Ṣe Bí Wọ́n Bá Wá Rìnrìn-Àjò ní Ilẹ̀ Òkun

Ẹni tó bá fẹ́ rìn kiri ilẹ̀ Òkun, ìyẹn ilẹ̀ àwọn Yorùbá tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kabba dé Ìjùmú, láti Yàgbà dé Bùnú títí kan Ọ̀wọ́rọ̀, kì í sábà rí géètì tí wọ́n ti ń gba owó ìwọlé, kì í sì í sábà rí pátákó tí wọ́n kọ èèwọ̀ ibẹ̀ sí. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ àlejò a máa rò pé ilẹ̀ tí kò ní olúwa ni àwọn wọ̀, inú èrò yìí gan-an sì ni gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ti ń jáde. Òkè tí wọ́n ń gùn ní ìdílé tó ni ín. Odò tí wọ́n ń wẹ̀ lè ní ọjọ́ tí a kì í wọ̀ ọ́. Igbó tí wọ́n ń wá ẹranko wò nínú rẹ̀ jẹ́ oko ẹnìkan, ọ̀nà ọdẹ ẹlòmíràn, àti ojúbọ àwọn kan. Àwọn tó mọ gbogbo èyí wà nínú ìlú, wọ́n sì ń fẹ́ sọ ọ́ fún àlejò tó bá jókòó tó láti gbọ́.

Ìkánjú ló wọ́pọ̀ jù. Àlejò á sùn sí Lọ́kọ́jà, á gun Òkè Patti ní òwúrọ̀ láti wo ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé, á sáré dé Kabba kí oòrùn tó mú, á ya àwòrán àpáta ní Ògìdì, á sì fẹ́ dé Ẹ̀gbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí kò ju títì àti ojú fèrèsé mọ́tò lọ. Epo bẹntiróòlù ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó ná, kò sí èyí tó dé ọwọ́ ìyá tó ń gún iyán tà tàbí ọ̀dọ́mọkùnrin tó lè mú un mọ ọ̀nà. Ó sàn kí èèyàn yan ìlú kan ṣoṣo, kí ó gba yàrá níbẹ̀, kí ó dúró títí ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún yóò fi ná lójú rẹ̀, kí àwọn ará àdúgbò sì ti mọ orúkọ rẹ̀ kí ó tó bèèrè ọ̀nà igbó. Ẹranko pàápàá kì í dúró de ẹni tó ń kánjú: ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń jẹ̀, bí oòrùn ọ̀sán bá sì ti mú, wọn a forí pamọ́ sábẹ́ igi, àlejò ọlọ́jọ́ kan a sì padà sílé lọ sọ pé igbó náà ti ṣófo.

Ẹ má ṣe wọ igbó tàbí gun òkè láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ dé ààfin ọba tàbí ilé baálẹ̀. Àwọn kan ka èyí sí ayẹyẹ lásán, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti ìlú ńlá bọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìmọ̀ tí ẹ nílò wà. Ẹ bi ẹni tó ń mú yín wọlé léèrè ohun tó yẹ kí ẹ mú dání. Ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀, ẹ sọ ọmọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti ohun tí ẹ wá ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò ránṣẹ́ pe olórí ọdẹ, òun ni yóò sì sọ oko tí wọ́n dẹ tàkúté sí, odò tó kún ju bó ti yẹ lọ, àti ọ̀nà tí ẹsẹ̀ àjèjì ti ń pọ̀ jù láìpẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí pé àwọn ajínigbé ti da ọ̀nà àti igbó agbègbè yìí láàmú, ọ̀nà tó dára lóṣù tó kọjá sì lè má dára mọ́ lónìí. Àwọn ọdẹ àti fijilanté ìlú ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Ẹni tó bá yẹra fún ààfin kí ó má baà náwó ti yẹra fún ìròyìn tó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ó sì ti fi ẹrù wíwá ara rẹ̀ lé àwọn ọmọkùnrin ìlú lórí.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ òkè, nítorí pé ibẹ̀ ni àlejò ti ń ṣe ìbàjẹ́ láìmọ̀ jù. Láàárín ọdún 1800 sí 1900, àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà tó ń ti Bídá wá kó àwọn ènìyàn Òkun lẹ́rú lọ, wọ́n sì sun ìletò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí pé ẹṣin kò lè gun àpáta, ọ̀pọ̀ ìlú kó lọ sórí òkè, wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n sì sin òkú wọn síbẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ-ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́gun Bídá ní 1897 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gba ilẹ̀ náà, àwọn ará orí òkè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ìlú wà lónìí. Àpáta tí àlejò wá ń pè ní ibi ìgbafẹ́, ahoro ìlú ni. Bí ẹ bá rọra wo ilẹ̀, ẹ óò rí i pé àwọn ihò róbótó tó wà lójú àpáta kì í ṣe iṣẹ́ òjò: inú wọn jìn díẹ̀ bí àwo pẹrẹsẹ, ó sì ń dán bíi pé wọ́n fi epo pa á, nítorí pé ọwọ́ àwọn obìnrin ló lọ ọkà níbẹ̀ títí òkúta fi jẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àpáàdì wà, àti òkúta tí wọ́n tò yípo bí ìpìlẹ̀ ilé, àti ibi tí ewéko kàn ga ju ti àyíká lọ, tí àwọn ọmọ ilé yóò sọ fún yín pé ibojì ni.

Láàárín nǹkan wọ̀nyí ni àwọn kan ti ń dáná sun ẹran. Wọ́n ń fi ọ̀dà kọ orúkọ ara wọn àti ti olólùfẹ́ wọn sára àpáta. Wọ́n ń kó àpáàdì sínú báàgì láti lọ fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ilé. Òfin orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní 1979 lórí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó ohun àtijọ́ jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní kò sí òfin, àpáàdì tó bá ti kúrò níbi tó wà kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ ibi tí ilé ìdáná wà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ìdílé tó ni ahoro náà ṣáájú yín, kí ẹ san owó tí ẹ bá dúnàádúrà fún un, kí ẹ sì gbẹ́sẹ̀ síbi tó bá gbẹ́sẹ̀ sí.

Àṣìṣe kan wà tó jẹ́ ti àwa Yorùbá nìkan, àjèjì tó ti òkè òkun wá kò sì lè ṣe é bí a ti ń ṣe é. Nítorí pé àwọn tó ti Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ tàbí Èkó wá gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí ará Yàgbà tàbí Owé, ìyẹn àwọn ará Kabba, ń sọ, wọ́n máa ń rò pé àwọn ti mọ àṣà ibẹ̀ tán. Wọ́n a fi ẹ̀ka-èdè àgbàlagbà ibẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n a sì máa tún un sọ fún un bí ẹni pé ó ṣìsọ. Ìwà àìlọ́wọ̀ ni èyí, ó sì ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn pa ẹnu wọn dé níwájú àlejò. Ẹ má ṣe fi ti ilé yín díwọ̀n ohun tí ẹ bá bá níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Ofosi, fún àpẹẹrẹ, ti àwọn obìnrin ni, ó sì ní èdè ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ọwọ́ ọkùnrin nìkan ni gbogbo awo wà yóò ṣìwà hù níwájú àwọn ìyá wọ̀nyẹn. Ẹ bèèrè ṣáájú ọjọ́ tí eégún ń jáde, ẹni tó lè wò ó àti ẹni tí kò lè wò ó, kí ẹ sì fi fóònù sápò títí wọn yóò fi ní kí ẹ yọ ọ́.

Ní ti aṣọ, Bùnú àti Ògìdì ni orúkọ wọn ń ró jù. Obìnrin ló ń hun èyí tó pọ̀ jù lára aṣọ ilẹ̀ Òkun, lórí òfì tó dúró gbọọrọ lóòró, ṣùgbọ́n ní Bùnú, ọkùnrin ló ń hun aṣọ ipò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìsìnkú àwọn olóyè. Láyé àtijọ́, aṣọ pupa tó ti ìlú òyìnbó wá ni wọ́n ń tú fọ́nrán-fọ́nrán láti rí òwú rẹ̀. Ó ń dùn mí bí mo bá ń gbọ́ pé àlejò fẹ́ yá aṣọ ipò láti fi ya àwòrán ọjọ́ ìbí, torí aṣọ òkú àgbà ni, kì í ṣe aṣọ ijó. Ìkùdíẹ̀-káàtó kejì ni dídúnàádúrà títí ahunṣọ yóò fi gba iye tí kò tó owó òwú. Ẹ jókòó tì í ní òwúrọ̀ kan, kí ẹ wo bó ti ń ti ọ̀pá bọ àárín òwú tó sì ń fi pákó gbá a mọ́ra, kí ẹ wo bí ohun tí ó hun kò ti ju ìbú ọwọ́ lọ nígbà tí ó bá dìde láti lọ gbé ìkòkò kaná. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó dárúkọ owó. Bí kò bá ní aṣọ tó ti parí, ẹ san àsansílẹ̀, kí ẹ padà wá gbà á. Ẹ má sì ṣe ya àwòrán ọnà ara aṣọ rẹ̀ lọ fún àwọn tó ń tẹ aṣọ ní ìlú ńlá láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹranko ló kàn, àṣìṣe tó léwu jù níbẹ̀ sì ń ti inú àánú wá. Ẹnìkan dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó di ìrù akíkà mú, ẹran náà sì ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù, ó fi ìpẹ́ rẹ̀ bo ikùn. Àánú ṣe àlejò, ó sanwó, ó sì lọ tú u sílẹ̀ nínú igbó tó wà níwájú. Ó rò pé òun gba ẹ̀mí kan là, ṣùgbọ́n owó tó san yẹn ni yóò rán ẹni náà padà sí igbó lọ́la. Kíká ara jọ bẹ́ẹ̀ lè gba akíkà lọ́wọ́ ẹkùn, kò lè gbà á lọ́wọ́ ènìyàn, nítorí pé ńṣe ni ènìyàn kàn ń gbé e nílẹ̀ bí òkúta. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì sábà ń bí lẹ́ẹ̀kan, tí yóò máa gbé pọ̀n sí ìdí ìrù rẹ̀ kiri, nítorí náà igbó tí wọ́n bá ti kó o tán kì í tètè ní in padà. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko ìgbẹ́, fi gbogbo ẹ̀yà akíkà 8 tó wà láyé sínú ìpele tó le jù, tí kò gbà kí a fi wọ́n ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan dé èkejì. Nàìjíríà náà ti ní òfin lórí òwò ẹranko tó ń tán lọ láti 1985. Ẹ má rà á, yálà láti jẹ tàbí láti tú sílẹ̀. Bí ebi ẹran ìgbẹ́ bá ń pa yín, ọ̀yà tí wọ́n ń sìn nílé wà, ó sì ń bímọ púpọ̀.

Fífún ọ̀bọ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti búrẹ́dì náà kò dára. Ọ̀bọ tó bá ti mọ̀ pé oúnjẹ wà lọ́wọ́ ènìyàn yóò tẹ̀lé òórùn náà dé oko àgbàdo, àlejò á ti padà sí Èkó nígbà náà, àgbẹ̀ ni yóò sì san gbèsè. Àìsàn tún máa ń kọjá láti ara ènìyàn sí ara wọn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ní igbó Bwindi ní Uganda, èèyàn 8 péré ni wọ́n ń gbà láyè láti lọ wo agbo ìnàkí kan lójúmọ́, fún wákàtí kan, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí wọn. Mítà 7 ni òfin náà tẹ́lẹ̀, àrùn kòrónà ló sọ ọ́ di 10. Ṣùgbọ́n igbó Bwindi yẹn ni wọ́n lé àwọn Batwa kúrò nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ẹranko ìjọba ní 1991, àwọn tó jẹ́ pé inú rẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ti ń ṣọdẹ. Mo mú un wá síbí nítorí àwọn àlejò tí wọ́n fẹ́ràn ẹranko tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń bá ọdẹ ilẹ̀ Bùnú sọ̀rọ̀ bí ọ̀daràn. Ọdẹ tó mọ ibi tí ẹtu ń sùn sí lè ṣọ́ ọ ju ẹnikẹ́ni lọ, bí owó tó ń rí lọ́dọ̀ àlejò bá tó èyí tí yóò rí nídìí ìbọn.

Lójú Odò Ọya, níbi tí àwọn apẹja bá ti sọ pé erinmi wà, ẹ má ṣe rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n wa ọkọ̀ súnmọ́ ọn, ẹ má sì ṣe dúró sí àárín rẹ̀ àti omi jíjìn.

Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, tí ọyẹ́ bá ti gbẹ koríko, sìgá kan tó lè jó ọgbà kajú tí ìdílé kan ti ń retí èso rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ẹ má dáná níta abúlé rárá lákòókò yẹn. Ẹ má sì ṣe máa pín owó fún àwọn ọmọdé lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún wọn, ẹ gbé e fún ọ̀gá ilé-ìwé lójú àwọn òbí.

Bí ẹ bá padà délé, ẹ tẹ àwòrán tí ẹ yà jáde sórí páálí, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ahunṣọ àti sí ọdẹ tó mú yín rìn, nítorí pé àlejò tó ń ya àwòrán pọ̀, èyí tó ń rántí fi í ránṣẹ́ kò pọ̀. Ẹ yọ àmì ibi tí ẹ ti yà á kúrò kí ẹ tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá bó bá jẹ́ ti ẹranko tàbí ti ojúbọ, torí pé àwọn tó ń ṣòwò ẹran náà ń wo fóònù. Bí ẹnìkan bá wá bi yín léèrè ibi tí ẹ ti rí i, orúkọ ìlú àti ti ààfin ni kí ẹ fún un, kí òun náà lọ bá olórí ọdẹ fúnra rẹ̀.