Bí Mo Ṣe Fi AI Ka Ìwé Ṣúgà Màmá Mi ní Ẹ̀pẹ́

Ẹni tó bá ń tọ́jú alárùn ìtọ̀ ṣúgà nílé á mọ ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ iye ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sí. Ti màmá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. 142, 167, 98, 201, wọ́n kàn tò tẹ̀lé ara wọn ni. Bí a bá gbé e dé iwájú dókítà, á ṣí ojú ewé kan sí méjì, á ní kí wọ́n máa ṣọ́ ohun tí wọ́n ń jẹ, a ó sì jáde nítorí èrò tó jókòó níta. Mi ò dá dókítà lẹ́bi. Kí ni èèyàn fẹ́ rí nínú 201 tí kò sọ ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí kò sọ oúnjẹ tó ṣáájú rẹ̀, tí kò sọ bóyá wọ́n ti lo oògùn? Ohun tí mo wá ń wá ni pé kí ìwé yẹn di ohun tí dókítà lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kà, kó sì yé e.

Ẹja yíyan ni màmá mi ń tà ní ọjà Olúwo níbí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni wọ́n ti ń jáde lọ́jọ́ ọjà, torí ẹni tó bá pẹ́, ọ̀bọ̀kún tó jọjú ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Oògùn méjì ni wọ́n ń lò, metformin àti glimepiride. Ẹ fi glimepiride yẹn sọ́kàn.

Kí n tó kan AI rárá, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ohun tí a bá kọ sí i, tó sì ń fèsì, bí a ṣe ń yẹ ṣúgà wò ni mo kọ́kọ́ bójú tó. Ọṣẹ àti omi ni a fi ń fọ ọwọ́, a ó sì nù ún gbẹ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn, omi ọsàn tó lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀ lè mú kí ẹ̀rọ ka iye tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ orí ìka ni a ń gún, torí àárín máa ń dùn wọ́n jù. A kì í ṣí agolo strip, pẹlẹbẹ kékeré tí à ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, sílẹ̀, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ọ̀sà yìí máa ń bà á jẹ́. Mo sì rí i dájú pé òṣùwọ̀n mg/dL ni ẹ̀rọ wa fi ń ka ṣúgà. Àwọn kan ń fi òṣùwọ̀n mmol/L kà á, 7.0 tiwọn ni 126 tiwa, torí ẹ ó fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀ ni. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ sínú àkọsílẹ̀ kan, kò sí AI tó lè bá a tú u.

Strip wọ́n, a ò sì lè máa gún wọn níka látàárọ̀ ṣúlẹ̀. A wá ń yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun, a ó sì mú wákàtí kan sí i tí à ń yí: lónìí, wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, lọ́la ọ̀sán, lọ́túnla alẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni strip díẹ̀ fi hàn wá bí gbogbo ọjọ́ ṣe ń lọ.

Inú Google Sheets, tábìlì orí fóònù tó lè ṣe ìṣirò, ni mo ń kọ ọ́ sí: ọjọ́, aago, iye ṣúgà, oúnjẹ àti bó ṣe pọ̀ tó, aago tí wọ́n lo oògùn, ibi tí wọ́n wà. Màmá kì í tẹ nǹkan lórí fóònù, ohùn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láti ọjà. Tí wọn ò bá sọ bí oúnjẹ ṣe pọ̀ tó, mo máa pè.

"Màmá, ẹ̀bà yẹn tó báwo?"

"Ọmọ yìí, o ò ní jẹ́ kí n simi ni? Kò tó ìkúùkù mi méjì. Ẹja ló pọ̀ níbẹ̀."

Èmi á kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ̀bà, kò tó ìkúùkù méjì, ẹja púpọ̀.

Nígbà tí àkọsílẹ̀ ti pọ̀ díẹ̀, mo yọ orúkọ wọn àti nọ́ńbà ọsibítù kúrò, mo dà á sínú AI orí fóònù mi. Mi ò bi í pé kí ló ń ṣe màmá mi. Mo ní kó mú gbogbo ibi tí ṣúgà ti lọ sílẹ̀ ju 70 wá, kó sọ ohun tó pa wọ́n pọ̀. Kó mú ibi tó ti ju 180 lọ ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ. Kó sì fi nọ́ńbà ìlà ti gbogbo ohun tó bá sọ. Nọ́ńbà ìlà yẹn ṣe pàtàkì gan-an, òun ni mo fi ń padà lọ wò ó fúnra mi. Kò mọ ìkọ́kọrẹ́, èmi ni mo ṣàlàyé pé ewùrà ni. Nínú ìṣirò, iye tó pè ní àròpín kò bá ti Sheets mu, mo sì gba ìṣirò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Irú AI yìí ń to ọ̀rọ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ni, ìyẹn ò sọ ọ́ di ẹ̀rọ ìṣirò.

Ṣùgbọ́n ohun tó rí, òótọ́ ni. Gbogbo ibi tí ṣúgà ti já wálẹ̀ ju 70 lọ, ọjọ́ ọjà ni, nítòsí ọ̀sán. Mo padà sí ìlà kọ̀ọ̀kan: wọ́n ti gbé oògùn mì láàárọ̀ kùtù, oúnjẹ gidi kò sì dé ẹnu wọn títí oòrùn fi kanrí. Metformin nìkan kì í sábà fa irú èyí. Glimepiride ló ń mú kí pancreas, ẹ̀yà ara kan nínú ikùn, tú insulin tó ń mú ṣúgà wálẹ̀ sílẹ̀, yálà èèyàn jẹun tàbí kò jẹun. Àyà mi já. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé òòyì ń kọ́ àwọn lọ́jà, pé ọwọ́ àwọn ń gbọ̀n, òógùn á bò wọ́n, a sì gbà pé iná ẹja yíyan ló fà á. Ṣúgà tó ga ni gbogbo ilé ń bẹ̀rù, kò sẹ́ni tó ń ronú kan èyí tó já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló lè gbé èèyàn ṣubú lójijì.

Mi ò jẹ́ kí AI fọwọ́ kan oògùn. Mo tẹ ojú ewé kan ṣoṣo jáde, ìlà àwọn ọjọ́ ọjà lókè, mo gbé e fún dókítà. Lọ́tẹ̀ yìí ó kà á tán, ó yíjú sí màmá, ó bi wọ́n ní aago tí wọ́n ń lo oògùn àti aago tí wọ́n ń jẹun. Ó dín glimepiride kù, ó ní oúnjẹ àárọ̀ ni kí wọ́n máa fi lò ó, kì í ṣe omi lásán. Ó kọ àyẹ̀wò HbA1c fún wọn, èyí tó ń fi bí ṣúgà ti rí fún nǹkan bí oṣù 3 hàn. Ó ní kí ṣúgà onígun wà nínú àpò ọjà wọn: tí ti inú ẹ̀jẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ ju 70, kí wọ́n jẹ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Lókè òkun, àwọn kan ń lẹ ẹ̀rọ tó ń ka ṣúgà, bíi FreeStyle Libre, mọ́ apá, kì í ṣe pé wọ́n ń gún ìka ní gbogbo ìgbà. Ní 2018, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí IDx-DR, AI tó ń wo àwòrán ẹ̀yìn ojú alátọ̀gbẹ láti mọ̀ bóyá àrùn ti ń ba ojú náà jẹ́. Ó wù mí kí irú rẹ̀ dé àrọ́wọ́tó ìyá ẹlẹ́ja. Kó tó dé, àyẹ̀wò ojú lọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́dọọdún ni mo fi síwájú wa báyìí.

Àwọn ìyá tó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ti ń béèrè tábìlì náà lọ́wọ́ mi. Mo ti ṣe èyí tó ṣófo fún ẹni tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí n tó fi ránṣẹ́, mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé páálí oògùn wọn lọ bá dókítà, kí wọ́n bi í bóyá ó wà lára èyí tó lè já ṣúgà wálẹ̀ bí oúnjẹ bá pẹ́.