Bí mo ṣe yan rédíétọ̀ fún Camry mi ní Ògbómọ̀ṣọ́

Camry tiny light ni mo ń wà, ti 1999, four plugs, gíà ọ̀tọ́mátíìkì. Kì í gbóná láàárín ìgboro, kódà tí Táàkíé bá há, àfi tí mo bá ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀ tí mo wá kó sẹ́yìn tírélà lójú títì àtijọ́ yẹn, tí atẹ́gùn ò wọlé níwájú dáadáa, ìgbà yẹn ni abẹ́rẹ́ témpéréṣọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nígbà tó yá omi rédíétọ̀, ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù, ń dín. Mi ò rí omi nílẹ̀ tí mo bá páàkì o, ṣùgbọ́n ìlà funfun gbígbẹ kan wà níbi tí rọ́bà dúdú tó wà lókè rédíétọ̀ ti pàdé alumíníọ̀mù, ibẹ̀ ló ti ń jò, ooru sì ń gbẹ ẹ́ kó tó kán sílẹ̀.

Alfa tó jẹ́ mẹkáníìkì mi wò ó, ó kan fi ìka tẹ etí rọ́bà yẹn báyìí ni, ló bá wó sí i lọ́wọ́ bíi kúlíkúlí. Rọ́bà tó yẹ kó dúdú ti di bíráùn. Tí ẹ bá ti rí irú àwọ̀ yẹn, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá yín fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Láyé Peugeot 504, a máa ń gbé rédíétọ̀ lọ fún àwọn tó ń jó o, torí bàbà ni, òjé sì máa ń mú bàbà dáadáa, wọ́n á jó o tán ẹ ó tún lò ó pẹ́. Ti àwọn mọ́tò wa yìí, alumíníọ̀mù àti rọ́bà ni, òjé ò lè mú rọ́bà láéláé, gọ́ọ̀mù náà á sì ṣí tí ooru àti prẹ́ṣọ̀ bá ti bá a, ó tiẹ̀ lè jẹ́ inú igbó ló ti máa ṣí.

Alfa ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká wá tokunbo, orijíná ni, àwọn tuntun ìsinsìnyí ò lágbára." Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì tàbí gíà là ń sọ ni, mi ò ní bá a jiyàn rárá. Ṣùgbọ́n tokunbo tí wọ́n máa gbé wá, ara Camry tó jẹ́ ẹgbẹ́ tèmi náà ni wọ́n ti tú u, rọ́bà ẹ̀ ti ń jẹ ooru láti bí ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orijíná ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n orijíná tó ti gbó ni. Mo ní, "Alfa, ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́, mo kàn fẹ́ ká jọ fojú rí i ni." A gbé ti àtijọ́ sí búùtù, ó di Ìbàdàn, ọjà páàtì Àràròmí ní Gate.

Ẹni tí a bá lọ́jà gbé tokunbo jáde, DENSO, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, wà lára ẹ̀ gbàgàdà. Alfa fi rágì nu eruku ibi tí hóòsì òkè máa ń wọ̀, bíráùn ló bá níbẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló dá a padà. Bá a ṣe bọ́ sórí tuntun nìyẹn.

Nǹkan tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò ni ti gíà. Tí mọ́tò yín bá jẹ́ ọ̀tọ́mátíìkì, ọ́ìlì gíà máa ń gba inú rédíétọ̀ kọjá kó lè tutù, ti Camry yìí, nínú rọ́bà ìsàlẹ̀ ni páìpù ẹ̀ wà, ẹ ó rí ẹnu irin kékeré méjì tó yọ síta. Ti gíà ọlọ́wọ́ ò ní ẹnu yẹn, ó sì lè bá mọ́tò mu ní gbogbo ọ̀nà yòókù, ẹni tí ò bá wò ó dáadáa á rà á lọ ni. Èyí tó tún burú jù ni kí páìpù inú yẹn máa jò, torí omi àti ọ́ìlì gíà á pò pọ̀, ọ́ìlì pupa á di nǹkan tó funfun bí ẹni pé wọ́n da mílíkì sí i, gíà sì ti lọ nìyẹn. Iye tí tuntun tó dáa fi ju èyí tí ò dáa lọ, kò sí bó ṣe máa tó owó gíà.

Ẹni tó ń tajà ní kí n mú èyí tó nípọn, 26 mm, ó ní yóò tutù ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Mo wọn tèmi, 16 mm ni, àyè tó sì wà láàárín rédíétọ̀ àti fáànù méjèèjì ò tó nǹkan, tó bá nípọn ju báyìí lọ fáànù á máa ha á lára. A to méjèèjì síra wọn nílẹ̀, ẹnu hóòsì, ibi tí bóòtù fáànù ń wọ̀, ẹsẹ̀ tó ń jókòó lórí rọ́bà kékeré tó wà lára mọ́tò, gbogbo ẹ̀ ni mo fọwọ́ kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. 16 mm náà ni mo mú.

Ti ìdérí rédíétọ̀, tí wọ́n máa ń kọ iye prẹ́ṣọ̀ tó lè gbà sí lórí, ọmọṣẹ́ ẹni tó ń tajà yẹn gbé 1.1 fún mi, mo ní rárá, 0.9 ló wà lórí tèmi. Prẹ́ṣọ̀ 0.9 yẹn ni kì í jẹ́ kí omi hó ní 100 dígírì, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 118 kó tó hó. Ẹ má rò pé 1.1 á wá dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, hóòsì àtijọ́ ló máa bẹ́.

Kí Alfa tó dè é, a gbé e lọ sọ́dọ̀ fọ́gánáísà, a dí gbogbo ẹnu ẹ̀ pa, a rì í sínú ọpọ́n omi, a fẹ́ atẹ́gùn sí i dé bíi 15 psi péré, a sì tún fẹ́ páìpù gíà lọ́tọ̀. Ẹ dúró ti fọ́gánáísà o, torí tó bá fẹ́ ẹ bó ṣe ń fẹ́ táyà, á bà á jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Kò sí ìfóòfó kankan tó jáde.

Hóòsì méjèèjì la pààrọ̀. Alfa fẹ́ yọ thermostat, ìyẹn ohun tó ń ṣí ọ̀nà fún omi tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tó, dànù bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi tuntun sí i, 82 dígírì ló wà lára ẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì tí ò bá gbóná dé ibi tó yẹ á máa jẹ epo. Réwáyà kan sì ti so fáànù dáírẹ́ẹ̀tì látọjọ́ yìí, ìyẹn náà la dá padà kó lè máa dá tàn fúnra ẹ̀. Omi kànga la ti ń dà sí i tẹ́lẹ̀, inú ti àtijọ́ kún fún ẹfun, lọ́tẹ̀ yìí kúláǹtì àti omi tí wọ́n ń dà sí bátìrì la pò ní ìdajì ìdajì. A ṣí ìdérí sílẹ̀, a tan ẹ́ńjìnnì, à ń rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí hóòsì òkè fi gbóná tí afẹ́fẹ́ ò jáde mọ́, fáànù náà sì tàn fúnra ẹ̀ ó tún kú.

Lẹ́yìn ìyẹn mo ti lọ Ọ̀yọ́ mo ti bọ̀ lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú AC, lẹ́yìn tírélà. Abẹ́rẹ́ ò kọjá àárín. Mo ṣì ń fa géèjì ọ́ìlì gíà wò lóòrèkóòrè, pupa ló ṣì wà.