Bí a ṣe ń ya oríṣìíríṣìí agbọ́n alárán sọ́tọ̀

Agbọ́n alárán jọ èèrà ńlá, irun ara rẹ̀ sì dì bí aṣọ àrán, ṣùgbọ́n agbọ́n ni. Mutillidae lorúkọ ìdílé rẹ̀. Dasymutilla occidentalis, tó wà ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, tí Linnaeus, onímọ̀ ẹ̀dá ará Sweden, sọ lórúkọ ní 1758, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀: ó pupa, ó dúdú, ó sì lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2.

Ẹ má fọwọ́ mú un. Abo nìkan ló ń ta, abẹ́rẹ́ oró rẹ̀ sì gùn débi pé ó lè yí i ta ẹni tó di àyà rẹ̀ mú. Ẹ̀mú àti ìgò ni kí ẹ lò, kí ẹ gbé ìgò náà sínú fìríìsà fún ọjọ́ kan gbáko. Èyí tó bá ti wọnú ọtí tí a fi ń pa òkú kòkòrò mọ́, irun rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra. Ẹ fi tíṣù fa omi ara rẹ̀, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tú irun náà díẹ̀díẹ̀. Píìnì la fi ń gún un láti tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le púpọ̀, píìnì tín-ín-rín á tẹ̀ kó tó wọlé. Apá ọ̀tún àyà ni kí ẹ ti gún un, kí apá òsì lè wà lódindi.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kì í ṣe èèrà. Ìwo èèrà máa ń ká bí ìgbọ̀nwọ́, oríkèé àkọ́kọ́ rẹ̀ sì gùn. Ti agbọ́n alárán kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ oríkèé kejì ikùn rẹ̀: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí irun kúkúrú dì sí, èyí tí èèrà kò ní.

Lẹ́yìn náà ni akọ tàbí abo. Abo kò ní ìyẹ́. Akọ sábà máa ń ní, àmọ́ àwọn akọ kan wà tí kò ní. Nítorí náà, ẹ ka oríkèé ìwo: 12 ni ti abo, 13 ni ti akọ. Èyí tó tẹ̀lé ti ìdí ìwo kéré gan-an, òun sì làwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń fò, tí iye wọn á fi dín ẹyọ kan.

Ojú àti ìbàdí ló gba sùúrù jù. Tẹ́ ẹ bá mú abo láti inú ìran mẹ́ta (ìsọ̀rí àwọn ẹ̀yà tó bára tan) ní Amẹ́ríkà, ojú Dasymutilla àti ti Pseudomethoca rí roboto, ó yọ síta, ó dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Ti Timulla gùn bí ẹyin, ẹ ó sì rí àwọn ojú wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ bí afárá oyin. Ní ti ìbàdí, oríkèé àkọ́kọ́ ikùn Dasymutilla tín-ín-rín, ó sì fún níbi tó ti kan ìkejì, bí ohun tí a fi okùn so. Ti Pseudomethoca fẹ̀, ó sì tẹ́ mọ́ ìkejì. Orí rẹ̀ sì sábà máa ń fẹ̀ ju àyà rẹ̀ lọ.

Àwo pẹlẹbẹ tó wà lórí oríkèé tó gbẹ̀yìn ikùn abo la fi ń mọ ẹ̀yà gan-an. Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 40 ló yẹ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí iná ti ẹ̀gbẹ́ wá, torí iná tó bá wá láti òkè tààrà á pa àwọn ìlà wẹ́wẹ́ ibẹ̀ rẹ́.

Àwọ̀ ló kẹ́yìn, torí ó lè tan yín jẹ. Ẹ̀yà tó pọ̀ tí wọ́n jọ ń gbé agbègbè kan máa ń wọ àwọ̀ kan náà, kí ẹyẹ àti alángbá lè tètè mọ̀ pé wọ́n ń ta. Pupa òkú kòkòrò tó ti pẹ́ a sì tún máa ṣá. Akọ àti abo ẹ̀yà kan ṣoṣo lè yàtọ̀ síra débi tí a ti fún wọn lórúkọ méjì rí, nítorí náà, tí ẹ bá bá méjì níbi tí wọ́n ti ń gùn, ẹ gún wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ kọ ibi, ọjọ́ àti bí ẹ ṣe bá wọn sórí bébà tó wà lábẹ́ píìnì náà.