Bí ẹ ṣe lè yọ̀ǹda ara yín láti máa mú ajá rìn ní ibùdó ìtọ́jú ẹranko

Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ àti ṣòkòtò gígùn. Ní Nàìjíríà, ó yẹ kí ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi tẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè ìwà ajá náà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́: òmíràn kì í fẹ́ rí ajá ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹnu ilẹ̀kùn ni ajá ti sábà máa ń já mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ẹ ṣí i díẹ̀, ẹ fi orúnkún dí àlàfo náà, ẹ wọlé, ẹ tì í, kí ẹ tó so okùn. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lé e lórí. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ dúró sí. Ìka 2 péré ló yẹ kó gba abẹ́ bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀. Bó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, tí ọ̀kadà bá pariwo lójijì, orí á yọ, ó di eré. Ẹ ki ọwọ́ bọ ojú okùn, ẹ fi ìkejì di àárín rẹ̀ mú. Ẹ má wé e mọ́ ìka, ó lè ṣẹ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ kó máa gbóòórùn ilẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ìgbádùn rẹ̀, kì í ṣe eré sísá. Bí oòrùn bá mú, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọ̀dà títì fún ìṣẹ́jú àáyá 7. Bí ẹ kò bá lè fara dà á, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á bó.

Bó bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà, àjẹsára tàbí kò sí àjẹsára.

Ẹ fi ọ̀rá kó ìgbẹ́ rẹ̀. Bó bá ṣàn tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ kí ẹ tó mú ajá mìíràn.